Yìnyín tí Mo Rí tí Mo Dákẹ́

Ìṣẹ̀rí-Olófin,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ìyanu mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mi ò ní bi ọ́ bóyá ara rẹ le. Mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lọ́jọ́ Ajé, o ń rẹ́rìn-ín, ó yé mi pé ara le. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó jókòó tì mí níhìn-ín, ó ń ṣe bí ẹni tí kò yọjú wo ohun tí mò ń kọ. Tí mo bá kọ ọ́ tán, òun ni yóò ya fọ́tò rẹ̀ lójúewé lójúewé, tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wọ́sáàpù. Mo mọ̀ pé o máa ní, "Kí ló dé tí Mọ́mì ò kàn pè mí?" Mi ò pè ọ́ nítorí pé ẹnu mi ti ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, inú mi lè tún ru, kí n tún sọ ohun tí kò yẹ. Bírò kì í yára bí ahọ́n.

Kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan tí ìyá kì í sábà sọ fún ọmọ. Mò ń jowú rẹ. Má rẹ́rìn-ín, mi ò ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ tí o ti gba iṣẹ́ ilé ìwádìí yìí ni nǹkan kan ti há mi láyà, àdúrà ò sì gbé e kúrò.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi gbé kúlà àjẹsára kọ́ èjìká. Kò sí àdúgbò láti Ìdímù dé Ìgàndò tí mi ò ti pa ọmọ lẹ́kún. Títí di òní, tí mo bá ń kọjá, àwọn géńdé tó ti hu irùngbọ̀n á rí mi, wọ́n á fọwọ́ bo apá wọn. Ìwọ wá dé nígbà ọdún Àjíǹde, o jókòó sí kíṣìnnì mi, o ń já ẹ̀fọ́, o ń ṣàlàyé. O ní kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ikọ́ líle máa ń ní ẹ̀gún lára, ẹ̀gún yẹn ló fi ń há mọ́ ọ̀nà ọ̀fun wa. O ní ẹ̀yin ò nílò odindi kòkòrò, ẹ̀gún nìkan lẹ máa ń ṣe, nítorí òun nìkan ò lè dá àìsàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fún ara ní ẹ̀gún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ara ò ní kà á sí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń to púpọ̀ rẹ̀ mọ́ ara èérún róbótó kan tí ẹ ń pè ní nánò, tó kéré débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ lè tò sórí ìbú irun orí kan ṣoṣo. Ara á rí i, á rò pé kòkòrò ti dé, á dìde ogun, á sì rántí lọ́jọ́ tí ọ̀tá gidi bá yọjú. O ní tó bá yọrí, ẹ ò tiẹ̀ ní lo abẹ́rẹ́, imú ni ẹ máa fín in sí, níbi tí kòkòrò náà ti ń wọlé.

Mo bi ọ́ pé, "Àwọn ọmọ ò wá ní sunkún?" O ní, "Sunkún kẹ̀? Wọ́n á kàn sín ni, Mọ́mì."

Ìyanu, inú bí mi. Mo yí ẹ̀yìn sí ọ, mo ń ro ọbẹ̀ tó ti jinná. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún jẹ́ àǹtí alábẹ́rẹ́ tí ọmọ ń sá fún, ọmọ tí mo bí ni yóò wá jẹ́ àǹtí aláfínmú tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí. Inú mi dùn sí ọ o, má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n inú dídùn náà ò ráàyè jókòó, owú ti gba àga.

Ti ọ̀gá rẹ ní Ìbàdàn tún wá kún un. Obìnrin yẹn lè jẹ́ dókítà, ó lè mọ̀wé débi tó wù ú, ṣùgbọ́n èwo ni ti pípè tí o ń pè é ní Mọ́mì? "Mọ́mì ti bá mi wá yàrá. Mọ́mì ní kí n máa jẹun dáadáa." Lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ sọ ọ́, bàbá rẹ bi mí pé, "Mọ́mì wo ni? Ṣé ìwọ ni?" A kì í tìtorí pé ọmọ ẹni ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká wá fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ọmọ náà mọ ìyá rẹ̀ yàtọ̀. Mo ti sọ tèmi. Pè é ní Dókítà, tàbí kí o máa pè é ní Mọ́mì Ìbàdàn, kí a lè mọ ẹni tí à ń sọ.

Ó tó báyìí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Aṣọ rẹ ti pọ̀ ju tèmi lọ, mo gbà. Àkísà ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ fún ọ lónìí, ọ̀kan ṣoṣo péré, èyí tí mi ò tú lójú ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́jọ́ Ajé, o pè mí, o ní wọ́n ti gbé iṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́ tìrẹ fún Tèmítáyọ̀, ọmọbìnrin tí ẹ jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà ni o rẹ ohùn sílẹ̀, o ní, "Mọ́mì, mo rí nǹkan kan ṣá o. Ó ti àwọn ìgò àjẹsára ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fíríìjì pátápátá, níbi tí áìsì ti máa ń dì. Mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, áìsì wà lára gbogbo wọn. Nígbà tó máa dé, ó ti yọ́, kò mọ̀. Ṣé kí n sọ àbí kí n dákẹ́?" O ṣàlàyé fún mi pé tí èérún wọ̀nyẹn bá dì tí wọ́n sì tún yọ́, wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀gún tí ẹ tò mọ́ wọn lára á bàjẹ́, ojú lásán ò sì lè rí i. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa fín in sí imú àwọn eku tí ẹ fi ń dán an wò.

Kí ni mo sọ? Mo ní, "Dákẹ́ jàre. Ṣé ìwọ ni wọ́n gbé e fún ni? Kí ẹni tí wọ́n gbé e fún máa bójú tó o. Ẹnu àìmẹ́nu ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." O rẹ́rìn-ín, o ní, "Mọ́mì, ẹ ṣá mọ̀ mí." O dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìdúpẹ́ yẹn ni mò ń gbọ́ létí títí di Àbámẹ́ta.

Gbọ́ ìtàn yìí.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, èmi àti Sístà Rónkẹ́ la jọ wà ní ilé ìlera kan náà. O mọ̀ ọ́n, òun ni obìnrin aláṣọ funfun tó máa ń ki ọ́ ní oríkì tí a bá pàdé rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí o máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í dúró bá a sọ̀rọ̀ pẹ́. A jọ kọ́ṣẹ́ ni, a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Ìjọba wá ní kí wọ́n mú ẹnìkan lọ sí Kàdúná fún ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́fà lórí bí a ṣe ń tọ́jú àjẹsára kó má bàjẹ́. Mo ti sọ fún ìyá mi pé èmi ni wọ́n máa mú. Mo ti ra báàgì. Métírọ́ọ̀nù, ọ̀gá wa, pe gbogbo wa jọ, ó ní Rónkẹ́ ni. Mo bá wọn pàtẹ́wọ́, mo wá lọ sí ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún tẹ́rùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kan Rónkẹ́ láti gbé àjẹsára lọ sí Ayọ̀bọ̀. Oko ni Ayọ̀bọ̀ nígbà náà, kì í ṣe ilé tí o ń rí yìí. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà ikọ́ àwúbì wà nínú ohun tó fẹ́ gbé. O ti rí mi tí mò ń ṣe é láti kékeré rẹ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n rán ọ létí. A kì í mú áìsì páàkì láti inú fírísà kí a kàn kó o sínú kúlà. Orí tábìlì ni a máa ń kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí kó làágùn. A ó gbé e sétí, a ó mì í. Tí a bá gbọ́ omi tó ń ró nínú rẹ̀ ni a tó lè tò ó yí àwọn ìgò ká. Bí a ò bá dúró, òtútù rẹ̀ á pọ̀ jù, àjẹsára á dì, agbára rẹ̀ á sì kú. Ènìyàn á rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kò ní mọ̀ pé òun ń pa á ni.

Rónkẹ́ pẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mọ́tò ti ń fọn fèrè níta. Ó ṣí fírísà, ó kó áìsì jáde, ó ń tò ó sínú kúlà bó ṣe wà, ó funfun báláú, ó gbẹ táútáú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́ọ̀pù tíì lọ́wọ́. Mo rí i. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí: "Rónkẹ́, kò tíì làágùn." Gbólóhùn náà dé orí ahọ́n mi. Owú sì ní, "Ṣebí òun ni wọ́n mú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù, kó mọ̀ ọ́n." Mo mu tíì mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, Métírọ́ọ̀nù mú ìgò tó ṣẹ́kù, ó mì í, ó gbé e kalẹ̀. Gbúrúgbúrú funfun rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Gbogbo ọmọ tí Rónkẹ́ gún lọ́jọ́ yẹn, omi lásán ló gún sí wọn lára. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi wọ oko Ayọ̀bọ̀, à ń wá wọn lójúlé dé ojúlé, a ń bẹ àwọn ìyá wọn pé kí wọ́n jẹ́ ká tún un gún. Àwọn kan lé wa. Àwọn kan ti kó lọ. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn tó ti kó lọ wá, ó ń wú ikọ́ àwúbì. Tó bá wú u tán, á fa èémí sínú pẹ̀lú igbe, ojú rẹ̀ á dúdú. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú. Èmi ni mo gbé e lé itan títí ó fi rí èémí mí.

Wọ́n fagi lé orúkọ Rónkẹ́. Ta ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀? Èmi. Mo lọ sí Kàdúná. Ìwé ẹ̀rí tó wà nínú férémù lókè tẹlifíṣọ̀n wa, èyí tí o dàgbà sábẹ́ rẹ̀, tí o fi ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé nítorí rẹ̀ ni o ṣe fẹ́ ṣiṣẹ́ àjẹsára, ibi tí mo ti rí i nìyẹn. Bàbá rẹ ti gbójú sókè báyìí, ó ń wò mí. Kò mọ̀ títí di ìṣẹ́jú yìí.

Nítorí náà, ohun tí mo ní kí o ṣe lọ́jọ́ Ajé, mo gbé e kúrò. Gba èyí dípò rẹ̀.

Èkíní, má ṣe bá ara rẹ jà pé o ń jowú. Owú á wá. Ó wá bá mi ní kíṣìnnì níbi tí mo ti ń dáná fún ọmọ tí mo bí, ṣé Tèmítáyọ̀ ni kò ní mú un wá bá ọ? Sọ ọ́ jáde fún ẹni tí o fọkàn tán. Pe orúkọ rẹ̀ ní owú, má pè é ní ọgbọ́n, má pè é ní "kò kàn mí". Èmi pè é ní "kò kàn mí" fún ọdún tó ju ọjọ́ orí rẹ lọ.

Èkejì, iṣẹ́ tí àwa méjèèjì ń ṣe kì í ṣe ti ẹni méjì. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ èmi àti Rónkẹ́ ni, mi ò rántí pé ọmọ ọlọ́mọ wà láàárín. Tí wọ́n bá fín ohun tó ti bàjẹ́ sí imú eku, tí eku ò sì rí ààbò kankan, wọn ò ní sọ pé fíríìjì ló mú un dì, wọ́n á ní àjẹsára yín ò ṣiṣẹ́. Wọ́n lè gbé e jù sẹ́yìn, ohun tí ì bá gba ọmọ kan lọ́wọ́ ikọ́ lọ́jọ́ iwájú. Ìwọ nìkan lo mọ̀ nísinsìnyí.

Ẹ̀kẹta, tí o bá fẹ́ sọ ọ́, má sọ ọ́ lójú ọ̀gá, má sì kọ ọ́ sórí gúrúùpù yín. Fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Má fi oyin sí i, má fi ata sí i. Sọ pé, "Tèmítáyọ̀, mo rí áìsì lára ìgò ẹ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mi ò sọ fún ẹ nígbà yẹn, má bínú." Tí ó bá jágbe mọ́ ọ, jẹ́ kó jágbe. Ó lè ní o ti mọ̀ látìgbà yẹn o sì dákẹ́. Òótọ́ ni yóò sọ, fara mọ́ ọn. Ẹ ṣì ní ọjọ́ mẹ́ta láti po òmíràn tàbí kí ẹ sún Ọjọ́bọ̀ síwájú.

Mi ò mọ èwo ló kàn mọ́. Ó dáa, èyí: tí wọ́n bá tìtorí rẹ̀ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé e fún ọ, má gbà á. Ní kí ẹ jọ ṣe é. Mo mọ bí ohun tí a gbà báyẹn ṣe máa ń rí lọ́wọ́. Èmi ń nu férémù yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n kì í wo ohun tí wọ́n kọ sí i.

Má sì jẹ́ kí Mọ́mì Ìbàdàn máa fi oúnjẹ fà ọ́ mọ́ra jù. Mo ti ní kí bàbá rẹ ra gààrí Ìjẹ̀bú fún ọ.

Lánàá, mo lọ bá Rónkẹ́. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Mi ò lè kọ lẹ́tà kí n máa pàṣẹ fún ọ pé kí o lọ la ẹnu, kí tèmi wà ní pípadé. Mo gbéra láàárọ̀, ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ ṣì ń gbọn ènìyàn bí ẹni ń ku èlùbọ́. Rónkẹ́ ti kọ́ ilé síbẹ̀, ilé tó ní táìsì nílẹ̀ láti iwájú ìta wọ pálọ̀. Kí n má purọ́, mo jowú táìsì náà kí n tó kan ilẹ̀kùn.

Ó ti wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ sí ìpàdé àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rí mi, ó fọwọ́ sí àyà. "Dúpẹ́! Ta ló kú?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Jókòó, Rónkẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti pẹ́ nílẹ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan tíì tí mo mu. Mi ò wo ojú rẹ̀ títí mo fi parí. Mo ń retí kó pariwo, kó bú mi, kó ní kí n jáde. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé áìsì yẹn ò tíì làágùn. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó wà nínú mọ́tò ló ń kán mi lójú. Mo wá gbójú sókè, mo rí ẹ lẹ́nu ọ̀nà, o ń wo kúlà mi. Mo sọ nínú ara mi pé, 'Dúpẹ́ mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Tó bá burú, á sọ.' O ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí o ò ti sọ nǹkan kan, ọkàn mi balẹ̀. Mo dé kúlà mi, mo lọ."

Kò ní òun dárí jì mí, mi ò sì bi í. Ó sìn mí dé ẹnu géètì.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, Àbẹ̀kẹ́. Obìnrin tí mo jowú rẹ̀, ojú mi ló wò kó tó lọ. Mi ò mọ ohun tí Tèmítáyọ̀ ń rò nípa rẹ, ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ pé o dé ìdí fíríìjì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kó sì ti fi ìdákẹ́ rẹ fọkàn balẹ̀. Pè é kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí.

Ìyá rẹ,
Dúpẹ́.